Ìkéde àbájáde ìwádìí ìlera: Ẹ̀bólà ní Nàìjíríà, 2014

Ìkéde àbájáde ìwádìí ìlera ni iṣẹ́ sísọ ohun tí àyẹ̀wò àti ìtọpinpin àrùn fi hàn fún àwọn tí yóò lò ó: dókítà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba níhà kan, ará ilé àti ará ọjà níhà kejì. Àjàkálẹ̀ Ẹ̀bólà tó wọ Èkó ní 2014 jẹ́ àpẹẹrẹ tó ṣe kedere.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, arìnrìn-àjò kan tó ń bọ̀ láti Làìbéríà gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà pẹ̀lú àìsàn lára. Dókítà Ameyo Adadevoh fura sí Ẹ̀bólà, ó kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin náà kò ní kúrò nílé ìwòsàn, ó sì ta ìjọba lólobó. Nígbà tó fi di ọjọ́ 23, ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ Èkó ti dá ibùdó ìṣàkóso àjàkálẹ̀ náà sílẹ̀. Adadevoh fúnra rẹ̀ lùgbàdì àrùn yìí, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ.

Ohun tí oníṣègùn ń wá ni ọjọ́ àti iye: ta ló fara kan aláìsàn, ọjọ́ wo, báwo ni ara rẹ̀ ṣe gbóná sí láàárín ọjọ́ 21. Ará ilé ń béèrè bóyá òun ṣì lè bọ èèyàn lọ́wọ́, bóyá kóun jẹ ẹran ìgbẹ́, ta ni yóò wẹ òkú. Èsì wà nílẹ̀: ẹ̀jẹ̀, èébì àti omi ara mìíràn láti ara ẹni tó ti ń ṣàìsàn tàbí òkú rẹ̀ ni àrùn náà ń bá ràn, ẹni tí àmì kò tíì hàn lára rẹ̀ kì í kó o ran ẹlòmíràn.

Kí èsì yìí tó dé ojúlé gbogbo, àhesọ ti ṣáájú rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ń jí àwọn èèyàn lójú oorun pé kí wọ́n fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Orógbó náà di oògùn lẹ́nu ọ̀pọ̀. Ní ọjọ́ 15, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) kéde pé irọ́ gbáà ni, ó sì mẹ́nu ba ìròyìn pé ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ó dunni gan-an, torí Ẹ̀bólà kọ́ ló pa wọ́n.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀ wá ń kanlẹ̀kùn kiri. Nǹkan bí ojúlé 26,000 ni wọ́n dé ní àdúgbò àwọn tó fara kan aláìsàn. Àwọn 894 tí wọ́n ń ṣọ́ gba àlejò tó tó ìgbà 18,500: òṣìṣẹ́ yóò wọn ìgbóná ara, yóò bi wọ́n bí ara ṣe rí, yóò sì dáhùn ìbéèrè tiwọn náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù kí aládùúgbò má baà sá fún wọn. Ètò ìgbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló ti kọ́ni ní irú iṣẹ́ ojúlé bẹ́ẹ̀.

Ará ìlú gbọ́ pé èèyàn 20 ló ní in ní Èkó àti Port Harcourt, pé 8 kú. Nínú ìròyìn tí wọ́n kọ fún oníṣègùn, 19 ni àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ọ̀kan yòókù jẹ́ ẹni tó ṣeé ṣe kó ní in. Kí wọ́n tó lè kéde pé àjàkálẹ̀ náà ti parí, ọjọ́ 42, ìlọ́po méjì ọjọ́ 21 tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹni tó fara kan aláìsàn, gbọ́dọ̀ kọjá láìsí aláìsàn tuntun. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ni WHO kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀bólà.