Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣètò Ọjọ́ Kan Pẹ̀lú Amọ̀nà Àdáni Nígbà Tí Ọkọ̀ Ojú Omi Afẹ́ Bá Gúnlẹ̀

Wákàtí 12 tí ìwé ìrìn-àjò sọ pé ọkọ̀ yóò fi dúró ní èbúté kì í ṣe wákàtí 12 lọ́wọ́ èrò. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ náà bọ̀, láti aago tí gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti wọlé padà.

Ẹ jẹ́ ká fi Civitavecchia ṣe àpẹẹrẹ. Òun ni wọ́n ń pè ní èbúté Róòmù, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi kìlómítà 80 ló wà láàárín wọn. Ká ní ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní aago 7 àárọ̀, tó sì fẹ́ ṣí ní aago 7 alẹ́. Wọn kì í wo aago tí ọkọ̀ fẹ́ ṣí. Àsìkò ìwọlé ló ṣe pàtàkì, ó sì sábà máa ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, nígbà míràn wákàtí kan. Bó bá jẹ́ 6:30, tí wọ́n yọ wákàtí kan àtààbọ̀ kúrò nítorí ohun tí ojú ò rí tẹ́lẹ̀, aago 5 ló yẹ kí wọ́n ti wà lẹ́nu géètì èbúté. Ọ̀nà Róòmù lè gba wákàtí kan àtààbọ̀, kó di méjì bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dé, nítorí náà aago 3 ni kí wọ́n kúrò nígboro. Ní àárọ̀ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń sọ̀kalẹ̀ gẹ́lẹ́ tí ọkọ̀ bá kan èbúté, torí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ á kọ́kọ́ yẹ ìwé ọkọ̀ wò. Bí wọ́n bá gbéra ní aago 8, wọ́n á dé Róòmù ní 9:30. Ohun tó ṣẹ́ kù ò ju wákàtí márùn-ún àtààbọ̀ lọ, oúnjẹ ọ̀sán sì ń bẹ nínú rẹ̀. Ibi ńlá méjì ni irú àsìkò bẹ́ẹ̀ gbà. Ẹni tó bá to márùn-ún sínú rẹ̀ á kàn máa ti ojú fèrèsé wò wọ́n ni.

Le Havre, èbúté Faransé tí wọ́n ń gbà lọ sí Páríìsì, tún le ju ìyẹn lọ. Páríìsì tó nǹkan bíi 200 kìlómítà síbẹ̀, àlọ àti àbọ̀ nìkan á sì jẹ wákàtí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìlú kékeré Honfleur àti Étretat wà nítòsí èbúté náà, wọ́n dára, ara ò sì ní wó ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí amọ̀nà tó mọ iṣẹ́ sọ èyí fún oníbàárà kó tó gbowó.

Ìdí tí gbogbo ìṣirò yìí fi pọn dandan ni pé bí bọ́ọ̀sì tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣètò bá há sójú ọ̀nà, ọkọ̀ á sábà dúró dè é, torí èrò tó wà lábẹ́ ìtọ́jú wọn ni. Ẹni tó gba amọ̀nà tirẹ̀ kò ní àǹfààní yẹn. Atukọ̀ èbúté, ẹni tó ń tọ́ ọkọ̀ jáde, ti wà nílẹ̀, wọ́n ti gba àyè sílẹ̀ ní èbúté tó kàn, ọkọ̀ á sì ṣí.

Láwọn ibì kan, ọkọ̀ ńlá kì í kan etíkun rárá. Ní Santorini, erékùṣù kan ní Gíríìsì, ojú omi ló máa ń dúró sí, tí bọ́ọ̀tù kékeré á máa kó èrò lọ sí èbúté àtijọ́ nísàlẹ̀ ìlú Firá. Ọ̀nà mẹ́ta ló gòkè láti ibẹ̀: ọkọ̀ orí wáyà, ẹ̀yìn ìbaaka, tàbí àtẹ̀gùn 588. Àwọn tó ra ètò ọkọ̀ ni bọ́ọ̀tù sábà máa ń kọ́kọ́ kó, àwọn yòókù á gba nọ́ńbà, wọ́n á jókòó tì í. Nítorí náà, orí òkè níbi tí ọkọ̀ orí wáyà ń já èrò sí ni kí wọ́n fi ìpàdé sí, wákàtí kan àtààbọ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá dé. Ìrọ̀lẹ́ gan-an ni wàhálà. Bí ọkọ̀ ńlá mẹ́ta bá wà lójú omi lọ́jọ́ kan náà, gbogbo èrò wọn ló ń sáré sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìlà á sì gùn gba iwájú àwọn ilé ìtajà kọjá. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá lè gbà á lè fẹsẹ̀ rìn ín, ṣùgbọ́n òkúta àtẹ̀gùn náà ń yọ̀, ìgbẹ́ ìbaaka ò sì jìnnà síbẹ̀.

Aago náà máa ń dani. Ọ̀gá ọkọ̀ lè má yí aago ọkọ̀ padà sí ti ìlú, fóònù ò sì mọ̀. Kété tó bá ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì etíkun, á yí ara rẹ̀ padà. Aago ọwọ́ tó ń lo àkókò ọkọ̀ ló ṣeé gbára lé. Àmọ́ aago ìlú ni kí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí amọ̀nà, torí òun ló ń lò. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó pé máa ń rí báyìí: "Orúkọ ọkọ̀ wa nìyí. Á gúnlẹ̀ ní Livorno ní 7:00 aago ìlú, a gbọ́dọ̀ wọlé padà ní 18:30. Àwa mẹ́fà ni, màmá kan nínú wa ò lè gun àtẹ̀gùn. Flọ́rẹ́ńsì nìkan la fẹ́, kì í ṣe Písà."

Awakọ̀ yàtọ̀ sí amọ̀nà. Ní Ítálì àti Gíríìsì, ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ amọ̀nà nìkan ni òfin gbà láyè láti máa ṣàlàyé fún èrò nínú àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé. Awakọ̀ tó ń fi gẹ̀ẹ́sì dídùn sọ ìtàn lójú ọ̀nà á dúró síta Acropolis, òkè ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Áténì, ni, àfi bí wọ́n bá san owó amọ̀nà lọ́tọ̀. Kí wọ́n béèrè èyí kí wọ́n tó sanwó.

Kí wọ́n tún wo ọjọ́ tí ibi tí wọ́n fẹ́ lọ ń tì. Ilé ọnà Louvre ní Páríìsì kì í ṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Uffizi ní Flọ́rẹ́ńsì kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀ ni Vatican Museums kì í ṣí ní ọjọ́ Àìkú àyàfi èyí tó gbẹ̀yìn oṣù. Orúkọ ẹni ni wọ́n ń kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum, pápá eré àtijọ́ tó wà ní Róòmù, ó sì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìdánimọ̀ mu.

Ní ti owó, iye mọ́tò ni wọ́n sábà ń dá, kì í ṣe iye orí. Bọ́ọ̀sì kékeré tó gba èrò mẹ́jọ ń dín ìnáwó kù dáadáa bí wọ́n bá kún un. Kí àdéhùn sọ ní kedere bóyá tíkẹ́ẹ̀tì, owó ibùdókọ̀ àti oúnjẹ amọ̀nà wà nínú rẹ̀, àti iye tí wákàtí àfikún á jẹ́. Ìlà tó ṣe kókó jù ni èyí tó sọ pé wọ́n á dá gbogbo owó padà bí ọkọ̀ ò bá lè gúnlẹ̀. Ìjì máa ń mú kí ọkọ̀ fo èbúté sílẹ̀, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń lo bọ́ọ̀tù. Ẹni tí kò rí ìlà yẹn tó ti san gbogbo owó sílẹ̀ ti fi sọ́wọ́ afẹ́fẹ́.

Ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tí wọ́n ń pín nínú ọkọ̀ sábà máa ń ní nọ́ńbà aṣojú ọkọ̀ ní èbúté náà. Kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n sì mú ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù, káàdì báńkì àti oògùn ọjọ́ méjì dání. Bó bá ti hàn pé àsìkò ò ní gbà, aṣojú yẹn ni kí wọ́n pè lójú ọ̀nà, kí wọ́n má dúró dìgbà tí wọ́n bá dé etíkun. Òun ló lè bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀, òun náà ló sì mọ bí wọ́n ṣe lè bá a ní èbúté tó kàn, lórí owó ara wọn.