Bí Dryden Ṣe Fi Bíbélì Bú Olóṣèlú

Akéwì tó bá fẹ́ bú ẹni tó lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò gbà. John Dryden, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, mọ̀ ọ́n. Ẹ mú Bíbélì yín sítòsí, nítorí ìtàn Ábúsálómù, ọmọ tó dìtẹ̀ mọ́ Ọba Dáfídì bàbá rẹ̀, àti Áhítófẹ́lì, agbaninímọ̀ràn rẹ̀, ló fi bo ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ní 1681, Ọba Charles Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bí ọmọ kankan tó yè lọ́wọ́ olorì. Ọmọ àlè rẹ̀ ló pọ̀ jáǹrẹrẹ. Àbúrò rẹ̀ tí adé kàn, ìjọ Àgùdà ló ń ṣe, ọ̀pọ̀ ará ìlú kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ni olóṣèlú kan, Shaftesbury, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ti Monmouth, àkọ́bí àwọn ọmọ àlè náà, síwájú.

Nínú ewì rẹ̀, Absalom and Achitophel, Dryden, tí í ṣe akéwì ọba, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Dáfídì ni ọba, Ábúsálómù ni Monmouth, Áhítófẹ́lì ni Shaftesbury. Ta ni kò mọ ẹni tó ń bá wí? Ọba pàápàá gba tirẹ̀ nínú rẹ̀: ìgbà tí ìkóbìnrinjọ kò tíì di ẹ̀ṣẹ̀ ni ewì náà ti bẹ̀rẹ̀!

Ibi tí mo máa ń pẹ́ sí jù bí mo bá ń kọ́ni ní ewì yìí ni Símírì, orúkọ Bíbélì tó fi pe olóṣèlú mìíràn, Duke of Buckingham. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá wà lọ́rùn ọkùnrin yìí, Dryden kò kan ọ̀kankan. Ohun tó sọ ni pé láàárín oṣù kan ṣoṣo, ó ti ṣe onímọ̀ kẹ́míkà, ata-gòjé, olóṣèlú àti aláwàdà. Ẹ wo ibi tó fi olóṣèlú sí: àárín ata-gòjé àti aláwàdà. Kò sí èébú níbẹ̀ tí èèyàn lè torí rẹ̀ pẹjọ́. Ní 1693, Dryden fúnra rẹ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ èébú yìí: kí a bẹ́ orí kúrò lọ́rùn, kí orí ṣì dúró sáyè rẹ̀. (Dryden náà mọ oró ìyà gidi o: lóṣù Kejìlá 1679, àwọn kan dènà dè é lóru ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n lù ú ní àlùbolẹ̀.)

Oṣù Kọkànlá 1681 ni ewì náà jáde, nígbà tí Shaftesbury wà ní àtìmọ́lé lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Láìpẹ́ sí i, àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ da ẹ̀sùn náà nù. Inú àwọn èèyàn rẹ̀ dùn, wọ́n rọ àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ya ojú rẹ̀ sí. Nígbà tó di 1682, Dryden ti fi àmì-ẹ̀yẹ yẹn kọ ewì mìíràn.