Ẹ béèrè kóta kí ẹ tó sanwó

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, òbí mẹ́ta ló gbé lẹ́tà méjì méjì wá sí ọ́fíìsì mi. Ọmọ fẹ́ ṣe lọ́yà, yunifásítì méjì gbà á, èwo ni kí àwọn mú? Bàbá kan tẹ́ tirẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni tó ń yan ankara. Ó ní géètì ti àkọ́kọ́ wu òun, ìkejì sì sún mọ́ ilé ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun. Mo ní, "Bàbá, ṣé géètì ni yóò dìde níwájú adájọ́ ni?"

Mi ò ní sọ̀rọ̀ owó iléèwé, ẹ mọ ìṣirò yẹn jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ kóta ló ń ká mi lára. Pé NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, fọwọ́ sí i kí yunifásítì máa kọ́ni ní òfin kò tíì tó. Council of Legal Education, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ òfin, náà yóò wá wo ilé ìkàwé àti iye olùkọ́ wọn, yóò sì sọ iye ọmọ tí wọ́n lè fi ránṣẹ́ lọ́dún sí Nigerian Law School, níbi tí ẹni tó ti ka òfin tán gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó di lọ́yà. Iye yẹn ni kóta. Bí ó bá ní 50, 50 ni. Bí yunifásítì bá wá gba 200 nítorí owó, 150 yóò dúró, àwọn ọdún tó tẹ̀lé e yóò sì tún tò sẹ́yìn wọn. LL.B., ìwé ẹ̀rí òfin ti yunifásítì, láìsí Law School, ìwé tí a ń gbé kọ́ ògiri ni. Ẹ bi àwọn tó ka òfin ní National Open University: ọ̀pọ̀ ọdún ni ilẹ̀kùn Law School fi tì mọ́ wọn, àfìgbà tí wọ́n tún òfin tó dá yunifásítì náà sílẹ̀ ṣe ní 2018.

Ibẹ̀ ni àwọn ejẹ́ńtì ti ń jẹun. "Ẹ fọkàn balẹ̀, mo ní èèyàn ní Law School ní Bwari." Èèyàn wo? Yunifásítì yín ló ń fi orúkọ ránṣẹ́! Àwọn mìíràn gbé lẹ́tà méjèèjì gun òkè àdúrà. Èmi náà ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ààwẹ̀ tó fi ẹyọ kan kún kóta.

Ní ti yunifásítì olórúkọ ńlá, ìdánwò kan náà ni gbogbo yín ń lọ jọ ṣe ní Law School, máàkì tó kéré jù nínú iṣẹ́ márààrún ló sì ń pinnu èsì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tí mo gbà, kó wá wo ògiri mi.

Ọmọbìnrin kan gba 2:1 ní yunifásítì tí mi ò ní dárúkọ. Ọdún mẹ́ta ló fi dúró de Law School. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń tẹ ìwé ìbúra. Lọ́jọ́ kan, ó ń gbé fáìlì tẹ̀lé mi wọ kóòtù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti sẹ́kọ́ńdìrì sì dìde pẹ̀lú wíìgì, ó ní òun wà fún olùpẹ̀jọ́. Ọmọ mi rọra gbé fáìlì sílẹ̀, ó jáde. Nígbà tí mo parí, mo bá a nídìí mọ́tò, ó ní eruku ló kó sí òun lójú.

Nítorí náà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì díìnì. Ẹ béèrè pé kóta mélòó, èèyàn mélòó ló wà ní 500 level, ọdún ìkẹyìn. Ẹ wá ẹni tó jáde lọ́dún méjì sẹ́yìn, kó sọ ibi tó wà fún yín.

Bàbá oní-géètì pè mí lánàá, ó ti sanwó. Mo ní kóta wọn ń kọ́? Ó ní àwọn èèyàn náà bọ̀wọ̀ fún òun gan-an.