Ilé Yìí Kọjú Síbo?

Ẹni tó bá fẹ́ máa ya fọ́tò ààfin, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé àtijọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè irú kámẹ́rà tó yẹ kóun rà. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: ilé náà kọjú síbo? Ògiri tó kọjú sí ìlà-oòrùn, àárọ̀ ni tiẹ̀. Èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ìrọ̀lẹ́ ni tiẹ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ ní wákàtí tí kì í ṣe tiẹ̀, kámẹ́rà olówó ńlá kò ní rí nǹkan yà ju ògiri dúdú lábẹ́ sánmà tó funfun báláú.

Kọ́ńpáàsì inú fóònù tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí ògiri, ẹ di fóònù mú ní pẹrẹsẹ, ẹ jìnnà sí ọkọ̀ àti géètì irin nítorí irin máa ń ṣi kọ́ńpáàsì lọ́nà, kí ẹ wá ka nọ́ńbà: 90 ni ìlà-oòrùn, 180 ni gúúsù, 270 ni ìwọ̀-oòrùn. Bí fóònù yín kò bá ní in, ẹ wá mọ́sálásí. Láti Kàbà tàbí Lọ́kọ́jà, lágbègbè wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, Mẹ́kà wà ní nǹkan bíi dígírì 64, ìyẹn ìlà-oòrùn tó fì sí àríwá. Ògiri tí lèmọ́mù ń kọjú sí bó bá ń kírun ni oòrùn àárọ̀ ń bà lẹ́yìn. Ẹnu ọ̀nà, tó sábà máa ń wà ní òdìkejì, di ìrọ̀lẹ́ kó tó rí tiẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kò ṣeé gbọ́kàn lé tó bẹ́ẹ̀. Àṣà àtijọ́ ni kí pẹpẹ wà ní ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ tí ìjọ rí rà bá ṣe wà ni ọ̀pọ̀ ṣe kọ́ tiwọn, tí wọ́n sì dojú rẹ̀ kọ títì.

Àwọn ilé tó kọjú sí àríwá tàbí gúúsù ló máa ń da ènìyàn láàmú. Ilẹ̀ wa wà ní nǹkan bíi dígírì mẹ́jọ sí àríwá agbedeméjì ayé. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ọ̀sán ń gba àtàrí wa gan-an kọjá: ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù kẹrin àti ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà. Ní ìyókù ọdún, ó ti padà sí apá gúúsù. Ní oṣù kejìlá, ògiri tó kọjú sí àríwá gan-an kì í rí oòrùn rárá, láti àárọ̀ dalẹ́. Ní oṣù kẹfà, ti gúúsù ni kì í rí i. Ìdí nìyí tí ẹni tó wálé ọdún Kérésìmesì fi lè yí ilé bàbá rẹ̀ tó kọjú sí àríwá po lọ́jọ́ mẹ́ta kó má rí àkókò kankan tí iwájú ilé náà mọ́lẹ̀. Kò sí ẹ̀tàn nínú fóònù rẹ̀ o. Oṣù kẹfà ló yẹ kó wá.

Ní ti aago, oòrùn máa ń yọ láàárín aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ sí aago méje ku díẹ̀, bí oṣù bá ṣe rí: ní ìparí oṣù kejìlá, nǹkan bí 6:40 ni lágbègbè Lọ́kọ́jà, ó sì ń wọ̀ ní 6:20; ní oṣù kẹfà, 6:20 sí 6:50. Kàbà máa ń fi ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta gbẹ́yìn Lọ́kọ́jà, Ẹ̀gbẹ̀ sì ń fi díẹ̀ gbẹ́yìn Kàbà. Ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀, tó pọ́n bí epo, kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Lókè òkun, oòrùn máa ń dagun kó tó gòkè, ó lè lò ju wákàtí kan lọ nísàlẹ̀. Tiwa ń gòkè ṣánṣán, dígírì 15 ní wákàtí kan. Ìgbà tí kò tíì kọjá dígírì mẹ́wàá ló dára jù, ogójì ìṣẹ́jú péré sì nìyẹn. Ẹ ti dé ibẹ̀ kí oòrùn tó yọ.

Àwọn òkè àpáta wa tún ń jẹ nínú àkókò yẹn. Ẹ na ọwọ́ síwájú tààrà kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́: gíga ẹ̀ṣẹ́ yẹn tó nǹkan bíi dígírì mẹ́wàá. Bí òkè tó wà níwọ̀-oòrùn ìlú bá ga tó ìdajì ẹ̀ṣẹ́ láti ibi tí ẹ dúró sí, oòrùn yóò sọnù lẹ́yìn rẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú aago tí fóònù sọ fún yín. Bó bá tó odindi ẹ̀ṣẹ́, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ tí ẹ ń retí kò ní kan ilé náà rárá. Ẹ lọ lówùúrọ̀.

Má ya fọ́tò lọ́sàn-án, ìmọ̀ràn tí gbogbo ayé ń gbà ara wọn nìyẹn. Ó dára fún ilé tó ní fàráńdà: lọ́sàn-án, òrùlé ń da òjìji dúdú bo ògiri, fèrèsé àti ilẹ̀kùn a sì sọnù sínú rẹ̀. Oòrùn tó wà nísàlẹ̀ nìkan ló ń wọ abẹ́ òrùlé. Ṣùgbọ́n ẹ wo òkúta ibojì, irú èyí tó wà ní itẹ́ òkú àwọn Òyìnbó àtijọ́ ní Lọ́kọ́jà. Bí òkúta tó dúró bá kọjú sí ìlà-oòrùn, oòrùn aago mẹ́jọ ń wò ó lójú korokoro, àwọn lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Láàárín aago mọ́kànlá ààbọ̀ sí méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 15, oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rá bọ̀ lójú òkúta láti òkè. Ẹnu gbogbo lẹ́tà a ní òjìji tóóró, ẹ óò ka orúkọ àti ọdún láìfojú tẹ̀ ẹ́. Òkúta tó sùn sílẹ̀, òdìkejì ni: oòrùn aago méje ló ń rá a. Níbi tí oòrùn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi páálí funfun tàbí dígí da ìmọ́lẹ̀ sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ má fi ṣọ́ọ̀kì kun lẹ́tà, ẹ má da epo sí i. Ó ń ba òkúta jẹ́. Àwọn òpó irin Iron of Liberty, àmì ibi tí wọ́n ti dá àwọn ẹrú sílẹ̀, tó wà lọ́gbà iléèwé Holy Trinity ní Lọ́kọ́jà náà, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló ń fi hàn pé wọ́n rí roboto. Ìmọ́lẹ̀ iwájú a sọ wọ́n di igi pẹlẹbẹ.

Orí òkè Patti ní Lọ́kọ́jà ń kọ́? Odò Ọya àti Bẹ́núé wà ní ìsàlẹ̀ níhà ìlà-oòrùn rẹ̀, torí náà oòrùn àárọ̀ ń wọ inú lẹ́ǹsì. Ohun tí ẹ óò rí ni omi tó ń dán bí fàdákà, àwọ̀ kankan kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí omi méjèèjì ṣe yàtọ̀ síra kó gòkè ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti mú, ẹ gbàgbé rẹ̀: eruku a bo odò, ìlú tó wà nísàlẹ̀ a sì dà bí èyí tí wọ́n fi aṣọ bò. Ọjọ́ kejì òjò ńlá ló dára jù. Ọyẹ́ ní ìwúlò tirẹ̀ ṣá o, fún ohun tó wà nítòsí: eruku rẹ̀ ń sẹ́ oòrùn, òjìji kò ní le mọ́, ògiri aláwọ̀ funfun kò sì ní gbóná lójú.

Wàyí o, fóònù. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ nu lẹ́ǹsì, nítorí òróró ìka ló ń sọ oòrùn di ìkùukùu nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò. Ẹ fọwọ́ tẹ ògiri tí oòrùn wà lára rẹ̀, kí ẹ dì í mú títí ìmọ́lẹ̀ àti fókọ́ọ̀sì yóò fi tì, kí ẹ wá fa àmì oòrùn kékeré yẹn wálẹ̀ díẹ̀ títí pánù òrùlé kò fi ní funfun jù. Ẹ má gbé fóònù dàgún sókè. Òun ló ń mú kí ilé dà bí ẹni ń ṣubú sẹ́yìn. Ẹ gbé e dúró gbọnrangandan kí ẹ sì rìn sẹ́yìn tó ìlọ́po méjì gíga ilé. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oní-mítà méje ń fẹ́ mítà 14. Ilẹ̀ tó pọ̀ níwájú, ẹ lè gé e kúrò lẹ́yìn.

Ẹni tó ń lo kámẹ́rà gidi lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), f/8 (bí ihò lẹ́ǹsì ṣe là tó) àti 1/400 (ìdá ìṣẹ́jú àáyá tí ojú kámẹ́rà fi ń là) fún ògiri tí oòrùn ń kàn, kó sì yan àmì oòrùn níbi white balance, ìyẹn ètò àwọ̀ ìmọ́lẹ̀. Bó bá fi í sí auto, kámẹ́rà yóò fọ pípọ́n ìrọ̀lẹ́ dànù. Gíláàsì polarizer, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú lẹ́ǹsì, ń pa dídán fèrèsé, ewé àti òrùlé tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Pánù tí kò ní ọ̀dà kò gbọ́ tirẹ̀. Ẹ yí ibi tí ẹ dúró sí padà ni.

Ààfin, ẹ kọ́kọ́ wọlé kí, kí ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ìjòyè. Ilé ìjọba, bí Lugard House, àti afárá tí sọ́jà ń ṣọ́, láìsí ìyọ̀ǹda, ẹ má yọ kámẹ́rà rárá.

Ìmọ́lẹ̀ kan ṣì kù tí kò bìkítà ibi tí ilé kọjú sí: láti ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, nígbà tí sánmà dúdú aró, tí iná fàráńdà sì bá a dọ́gba. Ó nílò sítáàńdì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, nítorí ojú kámẹ́rà lè là fún odindi ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ti bá onílé sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú pé kí wọ́n tan gbogbo iná. Bí iná bá wá lọ, tó sì jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n tàn, ẹ gbé sítáàńdì jìnnà sí i, nítorí ilẹ̀ tó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ yẹn ti tó láti mú kí fọ́tò ṣe bàìbàì.