Fuji Tí Ẹ Ti Gùn Kò Kan Hotaka

Èmi tí mò ń mú èèyàn gun òkè ní Jàpáàn, ẹni kẹta nìyí tó máa pè mí lóṣù yìí: "Bọ̀ọ̀dá, mo ti gun òkè Fuji, òkè Hotaka ò sì tó o. Ẹ bá mi fi sí ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ." Ọ̀sán! Mo ní kó lọ fi owó rẹ̀ jẹun.

Lóòótọ́, Fuji ga ní mítà 3,776, nígbà tí Okuhotaka, ṣóńṣó Hotaka tó ga jù nínú àwọn òkè Hida, kò ju 3,190 lọ. Ṣùgbọ́n òkìtì kan ṣoṣo ni Fuji, ẹ gùn ún, ẹ sọ̀, ó parí. Ọ̀wọ́ òkè ni Hida, wọ́n so kọ́ra wọn láàárín Nagano, Gifu àti Toyama. Tẹ́ ẹ bá dókè tán ni ìrìn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, láti ṣóńṣó kan sí èkejì, lójú ọ̀nà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ, ọ̀gbun lọ́tùn-ún, ọ̀gbun lósì.

Yìnyín lẹ máa ń bi mí. Ó dáa. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ láti Siberia á la Òkun Jàpáàn kọjá, á fa omi mu, á wá forí sọ òkè yìí, á sì tú ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ní Murodo, lẹ́bàá òkè Tateyama nínú ọ̀wọ́ Hida yìí kan náà, tí wọ́n bá wa yìnyín kúrò lọ́nà lóṣù kẹrin, ògiri yìnyín lè ga tó ogún mítà. Ìyẹn tó.

Ààrá ló yẹ kẹ́ ẹ bi mí. Lóṣù kẹjọ, oòrùn á ti yan àfonífojì láti àárọ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó lómi nínú á máa fà gòkè, á pàdé òtútù, á di ìkùukùu dúdú. Nígbà tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, ẹ̀yin lẹ ga jù níbi tẹ́ ẹ dúró sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń jí oníbàárà mi laago mẹ́ta òru, ẹ bínú tàbí ẹ má bínú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, 1967, ààrá sán lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Matsumoto lórí Nishihotaka lẹ́yìn ọ̀sán. Mọ́kànlá ló kú.

Síbẹ̀, àwọn kan ń kiri pé téèyàn bá ti bọ́ irin kúrò lára, ààrá ò ní rí i. Ta ló kọ́ wọn? Ohun tó yọrí ni ààrá ń wá, kò wá yẹtí. Ẹ̀wọ̀n irin tí wọ́n kàn mọ́ àpáta ni kẹ́ ẹ jìnnà sí, torí ààrá lè gba ara rẹ̀ wá bá yín. Ẹ kúrò lórí ṣóńṣó, ẹ sọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkè, ẹ lóṣòó, ẹ pa ẹsẹ̀ pọ̀, ẹ má ṣe dì mọ́ ara yín.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá kan yà fọ́tò títí òjò fi ṣú lé wa lórí. Bí òjò ṣe kù rìrì, ó bọ́ bẹ́líìtì, ó bọ́ aago, ó bọ́ òrùka ìgbéyàwó, ó tò wọ́n sórí òkúta, ó wá jókòó tì wọ́n lórí ṣóńṣó gan-an. Mo fi kọ́là fà á sọ̀ kalẹ̀. Ìbínú rẹ̀ ju ti ààrá lọ.

Mo ti padà lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rí aago, n ò rí òrùka. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń pè mí.