Bàbá ńlá ta bíà, kí ló dé tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé àwọn tó gba àṣẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá àwọn ọmọ mi, a sì ń wá ìtàn ìran rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ. Ohun tí wọ́n ń sọ nílé wọn ni pé bàbá ńlá kan ní ilé ọtí tirẹ̀ ní Kent. Nínú ìwé ìkànìyàn 1841, alágbẹ̀dẹ ni wọ́n pè é. Ní 1851, "beer seller", ìyẹn ẹni tó ń ta bíà. Mo wá orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tí májísíréètì fún láṣẹ, n kò rí i. Ṣé irọ́ ni ìtàn náà ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe irọ́, mà. "Beer seller" tí ẹ rí yẹn gan-an ló tú u.

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ ta ọtí ní England gbọ́dọ̀ dé iwájú májísíréètì lọ́dọọdún. Láti 1753, òfin ní kí akọ̀wé wọn máa kọ orúkọ olúwarẹ̀ sílẹ̀, òun àti onídùúró rẹ̀. Ẹ má fojú fo onídùúró yẹn o, nígbà mìíràn àna tàbí aládùúgbò ni. Òfin 1828 mú ọ̀rọ̀ onídùúró náà kúrò, irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀wọ́n.

Ọdún 1830 ni ọ̀rọ̀ wá yí padà. Ìjọba fẹ́ kí àwọn èèyàn fi jíìnì sílẹ̀, wọ́n bá ní onílé tó bá ń san owó orí ilé lè máa ta bíà nínú ilé ara rẹ̀. Kò ní í dé ọ̀dọ̀ májísíréètì rárá. Gíní 2 (owó Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́) lọ́dún fún agbowó-òde ìjọba, ó parí. Alágbẹ̀dẹ, káfíńtà, àgbẹ̀, gbogbo wọn gbé àgbá bíà sí yàrá iwájú. Bàbá wà nídìí ẹwìrì, ìyàwó ń ta bíà. Ìwé àwọn agbowó-òde yìí ni kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́kù. Ìgbà tó di 1869 ni òfin tó dá àwọn oníbíà padà sọ́dọ̀ májísíréètì, òfin 1872 sì pàṣẹ pé kí akọ̀wé wọn ní ìwé orúkọ gbogbo àwọn tó gba àṣẹ.

Àárín ọdún 39 yẹn ni bàbá yín bọ́ sí.

Ẹ wo ìwé orúkọ àwọn oníṣòwò, ti Pigot tàbí ti Kelly. Àwọn oníbíà sábà máa ń dá dúró sí abẹ́ "beer retailers", wọn kì í sì í sábà kọ orúkọ ilé wọn. Ẹ wo ìwé ìròyìn àdúgbò pẹ̀lú, nítorí oníbíà tó bá tà kọjá àkókò á dé kóòtù. Ibi ìpamọ́ ìwé Kent wà ní Maidstone.

Bí orúkọ rẹ̀ bá pòórá, ẹ wá ti ìyàwó. Ní tiwa, ẹni tó ń tà ni à ń pè ní ìyá ẹlẹ́mu. Lọ́dọ̀ wọn nígbà náà, orúkọ ọkọ ló sábà máa ń wọ ìwé títí ọkọ fi máa kú. Ó dùn mí púpọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Nítorí náà, nínú ìkànìyàn 1861, ẹ wò ó bóyá opó kan wà nínú ilé kan náà, tí wọ́n kọ "beer seller" síwájú orúkọ rẹ̀.