Ẹ̀rọ háídrójìn aláwọ̀ ewé

Ẹ̀rọ háídrójìn aláwọ̀ ewé ni àwọn irinṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá tí a fi ń yọ háídrójìn jáde nínú omi, tí a fi ń sọ ọ́ di olómi, tí a sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Iná oòrùn, ti afẹ́fẹ́ tàbí ti ìṣàn omi ni wọ́n ń lò, kì í ṣe iná èédú tàbí ti gáàsì.

Iṣẹ́ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1800 ni William Nicholson àti Anthony Carlisle fi iná bátìrì pín omi sí háídrójìn àti ọ́ksíjìn ní London. Láti ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1920 títí di 1971, iná ìṣàn omi ni ilé iṣẹ́ Norsk Hydro fi ń yọ háídrójìn fún ajílẹ̀ ní Vemork, lórílẹ̀-èdè Nọ́wè. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní aláwọ̀ ewé nígbà náà. Electrolyser ni orúkọ ẹ̀rọ tó ń pín omi. Ti àtijọ́ ń lo omi tí a po kẹ́míkà potassium hydroxide mọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní PEM ń lo awọ tín-ínrín pẹ̀lú platinum àti iridium, àwọn irin olówó ńlá. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ó lè bá iná oòrùn tó ń lọ sókè sódò rìn. Kílò háídrójìn kan ń jẹ omi lítà 9 ó kéré tán, àti iná bíi kilowatt-hour 50 sí 55.

Ìsọdolómi ló le jù. Háídrójìn kì í di olómi àfi bí ó bá tutù dé -253 °C. James Dewar ló kọ́kọ́ ṣe é ní Royal Institution, London, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1898, lẹ́yìn tó ti ṣe ìgò onípele méjì tí kò sí afẹ́fẹ́ láàárín rẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú fúláàsì tí a ń gbé tíì sí. Ọ̀pọ̀ gáàsì máa ń tutù bí a bá tú wọn sílẹ̀ lẹ́yìn tí a ti fún wọn pọ̀. Háídrójìn máa ń gbóná ni, àfi bí a bá ti mú un lọ sísàlẹ̀ -70 °C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, náítrójìn olómi ni wọ́n sábà máa fi ń tù ú kó tó dé ọ̀dọ̀ tọ́báìnì, ẹ̀rọ tó ń yí tí gáàsì ti ń tú sílẹ̀ kó lè tutù sí i.

Mólékù rẹ̀ tún jẹ́ oríṣi méjì, ortho àti para. Nínú gáàsì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ ortho, ṣùgbọ́n nínú òtútù olómi, para ni gbogbo rẹ̀ ń padà dà, díẹ̀díẹ̀. Bí ìyípadà yìí bá ṣẹlẹ̀ nínú àgbá, ooru tó ń tú jáde pọ̀ tó láti sọ olómi náà di gáàsì padà. Àwọn oníṣẹ́ máa ń da èròjà onírin kan sínú ẹ̀rọ kí ìyípadà náà lè yá, kó sì parí ṣáájú. Gbogbo èyí ń jẹ nǹkan bíi kilowatt-hour 10 sí 13 lórí kílò kan, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tó wà nínú háídrójìn náà.

Àgbá olómi máa ń ní ògiri méjì. Ti NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ní Kennedy Space Center, tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1960, ń gba nǹkan bíi lítà mílíọ̀nù 3.2. Ọkọ̀ ojú omi Suiso Frontier gbé háídrójìn olómi láti Australia lọ sí Kobe ní Japan ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó wá láti ara èédú wà lára ẹrù náà. Gáàsì lásán ni ti Teesside, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: inú ihò iyọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń pa á mọ́ sí.

Ẹ̀rọ máa ń ṣẹ́kù nígbà tí iṣẹ́ bá dúró. Ní oṣù Kọkànlá 2023, Fortescue, ilé iṣẹ́ ìwakùsà ará Australia, fọwọ́ sí iṣẹ́ kan ní Buckeye, ní Arizona, tí yóò máa mú háídrójìn olómi tó tó tọ́ọ̀nù 11,000 jáde lọ́dún. Ní oṣù Keje 2025 ó pa á tì pẹ̀lú òmíràn ní Gladstone, ní Australia, ó sì ka nǹkan bíi dọ́là mílíọ̀nù 150 sí àdánù. Electrolyser àti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀) rọrùn láti tún tà ju ẹ̀rọ ìsọdolómi lọ, nítorí ibi kan pàtó ni wọ́n sábà máa ń ṣe ẹ̀rọ ìsọdolómi fún. Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù yóò béèrè iye wákàtí tí ó ti fi ṣiṣẹ́ àti ìwé àyẹ̀wò irin rẹ̀, torí háídrójìn máa ń wọnú àwọn irin kan, á sì mú kí wọ́n máa sán. PEM tó ti kú pátápátá pàápàá ṣì ń rí olùrà, nítorí platinum àti iridium inú rẹ̀.